Ẹ Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Rédíò Dà Bí Ayò Ọlọ́pọ́n

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ eré ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Láàárín ọdún méjì tó kọjá, mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n ta ọkọ̀ rédíò wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé eré náà sú òun. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: «Owó mi ò tó o mọ́, mi ò sì ráyè.» Èrò tèmi ni pé kì í ṣe àìlówó ló ba eré wọn jẹ́. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n jẹ́ kí ẹni tó lówó jù láàárín wọn máa pinnu bí gbogbo wọn yóò ṣe máa ṣeré.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ rédíò ni ọkọ̀ kékeré tó ní ẹ́ńjìnnì oníná àti bátìrì nínú, tí ẹni tó ń wà á dúró lókèèrè, tó ń fi rédíò ọwọ́ darí rẹ̀. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé tó jẹ́ pé bó bá ti bàjẹ́, ààtàn ló kù ni mò ń sọ. Èyí tí a lè tú palẹ̀, tí a lè tún tò, tí a sì lè ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ní lọ́kàn. Ilé-iṣẹ́ Tamiya ti ìlú Shizuoka ní ilẹ̀ Japan gbé àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Porsche 934 ni wọ́n wò ṣe é. Ní ọdún 1984 ni wọ́n gbé Grasshopper jáde, ìyẹn «tata» lédè wa, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà. Nígbà tó di ọdún 2005, wọ́n tún un ṣe, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ ronú sí i: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní ohun tó lé lógún ọdún ṣáájú, tí kò yára, tí kò sì ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, àwọn ènìyàn ṣì ń fẹ́ ẹ.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ọ̀nà méjì ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà dé. Yálà kí ẹbí tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́, tàbí kí a rí i láàárín ẹrù tòkunbọ̀. Kò sí èyí tó pọ̀ nínú méjèèjì, owó rẹ̀ kò sì kéré. 100 yúrò jẹ́ nǹkan bí 65.600 fráǹkì séfà. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba Benin fọwọ́ sí, tí wọ́n gbé láti 40.000 lọ sí 52.000 ní oṣù kìíní ọdún 2023, kò tó iye yẹn. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní ọkọ̀ rédíò kan ní ohun tó pọ̀ lọ́wọ́. Kò yẹ kí ó sọ ọ́ nù nítorí pé ti ẹlòmíràn yára jù ú lọ.

Ẹ wo bí owó ṣe ń wọnú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ra ẹ́ńjìnnì tó yára ju ti àwọn yòókù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó lè bá a. Ẹnì kejì lọ yá owó, ó ra tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó yára ń fẹ́ bátìrì tó lágbára, bátìrì tó lágbára ń fẹ́ ṣájà tó dára, ọkọ̀ tó sì ń sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ kò ní yé ṣẹ́ lápá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, ènìyàn mẹ́fà tó ń ṣeré pọ̀ ti di méjì, àwọn méjì náà sì ń wo ara wọn níwò-kuwò. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tó ń díje ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, bátìrì NiMH gòkè láti 3000 mAh sí 3300, ó tún lọ sí 3800, ó tún lọ sí 4200. Bátìrì tí ẹnì kan fi borí lọ́dún yìí lè di ohun àtijọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí pé òun ló là mí lójú jù. Agbára tí ọkọ̀ fi ń kọlu nǹkan kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan lè kọlu òkúta, kó yí dànù, kí a gbé e dìde, kó sì máa lọ. Èyí tó ń sá 40 gbé ìlọ́po mẹ́rin agbára yẹn lọ bá òkúta kan náà, apá tó di táyà mú ni yóò sì kọ́kọ́ kán. Bákan náà ni ti bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa iná áḿpíà 12 nínú bátìrì 3000 mAh, yóò lo ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá ń fa 36, ìṣẹ́jú 5 péré ni, lẹ́yìn náà kí a padà lọ jókòó ti ṣájà fún wákàtí kan. Eré àsápajúdé ló ń jẹ owó wa, òun náà ló tún ń jẹ àkókò wa.

Ẹnì kan yóò ní: «Bí kò bá yára, kí ló wá dùn níbẹ̀?» Ìbéèrè gidi ni. Ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ọkọ̀ gidi máa ń gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40. Tó bá ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ó ń lọ jìnnà tó ìlọ́po 14 gígùn ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọkọ̀ gidi tó gùn ní mítà 4 tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kó sá 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Ojú wa, tó ń wò ó láti ìtòsí ilẹ̀, mọ èyí kí ọpọlọ wa tó ṣírò rẹ̀. Ìyára tó wà nínú ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ti tó ohun tí ń mú àyà já.

Àwọn tó ti pẹ́ nínú eré yìí kò ṣàì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Yúróòpù, ìpele kan wà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tí gbogbo ènìyàn bá nínú páálí ọkọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ ROAR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ní ìpele kan fún ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ ní ààlà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ́ńjìnnì tí wáyà inú rẹ̀ yí ká ní ìgbà 27 ni òfin ìpele náà mọ̀. Bí wáyà bá ṣe yí ká tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń lọ́ra tó. Kì í ṣe àìní ló mú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣòfin. Wọ́n fẹ́ kí ìje jẹ́ ti ọwọ́ àti ojú, kó má jẹ́ ti àpò.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí a fi ń wá ẹ̀kọ́ yìí lọ sí Amẹ́ríkà? Ayò ọlọ́pọ́n wà ní ilé wa. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́jà kì í ní ju tálákà lọ nígbà tí wọ́n bá jókòó ti ọpọ́n. Kò sí ẹni tó ń gbé 20 ọmọ ayò wá láti ilé rẹ̀ kó ní kí wọ́n fi kún tòun. Bí ẹnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn òǹwòran ni yóò kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọpọ́n ṣe dọ́gba fún gbogbo ènìyàn ni ọ̀ta fi ń di ọ̀ta, tí òpè sì ń mọ̀ pé bí òun bá túbọ̀ kọ́ ọ, òun náà lè di ọ̀ta lọ́la. Ohun tí mo ń tọrọ kò ju èyí lọ: kí a tẹ́ ọpọ́n kan náà fún gbogbo ọkọ̀ rédíò.

Ní ẹgbẹ́ tiwa, àwa márùn-ún, ohun mẹ́rin la fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ wá ni a ó máa lò. Bó bá jó, irú rẹ̀ la ó fi rọ́pò rẹ̀. Èkejì, bátìrì NiMH nìkan ni. Bátìrì LiPo fúyẹ́, ó sì lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó lè gbiná bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ń sùn sí kò sì yẹ irú ewu bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bátìrì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèjì bá ti tán, ó di ilé. Iná tí ó ń gbà láti kún bátìrì kan kò ju èyí tí gílóòbù ń jẹ ní wákàtí kan sí méjì lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó iná kọ́. Ọ̀rọ̀ ìwé tó ń dúró dè wá nílé ni. Ẹ̀kẹrin, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé nìkan ló ń borí. A máa ń to bàtà kalẹ̀, a ó ní kí ọkọ̀ gba àárín wọn lọ, kó gbà á bọ̀, kó má kan ẹyọ kan. Nígbà mìíràn, ẹni méjì á pín ọkọ̀ kan, ọ̀kan á wà á lọ, èkejì á wà á bọ̀. Ìyẹn kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì ń fa ẹ̀rín ju ìje lásán lọ.

Ní ti ẹni tí kò tíì ní ọkọ̀, èsúsú wà. Ènìyàn márùn-ún, 500 fráǹkì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, ó di 2.500. Ní ọ̀sẹ̀ 26, ó ti di 65.000, ìyẹn nǹkan bí 100 yúrò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ kan tí ènìyàn márùn-ún ní kò burú. Ó tilẹ̀ sàn ju ọkọ̀ márùn-ún tí mẹ́rin nínú wọn wà lábẹ́ ibùsùn nítorí apá kan tó ṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń du ìwé ẹ̀rí máa fi àkókò ṣeré. N kò bá wọn jiyàn pé ìwé ló gbé wa wá síhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi wákàtí kan tú ọkọ̀ palẹ̀, tó fi òjé lẹ wáyà tó já, tó sì tún un tò, kò fi wákàtí náà ṣòfò. Àwọn mìíràn ní ẹni tó lówó ní ẹ̀tọ́ láti ra ohun tó wù ú. Òótọ́ ni. Kí ó rà á, kí ó sì máa fi sáré níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Bí ó bá fẹ́ bá wa ṣeré, kí ó mú èyí tó bá tiwa dọ́gba wá. Ẹ̀tọ́ láti ra nǹkan kò sọ ẹnikẹ́ni di aṣòfin lórí ayọ̀ ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà tó kan àwa onímọ̀ èdè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára páálí, Faransé ni a fi kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n Yorùbá la fi ń pariwo nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yí dànù. Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti ọmọ Àjàṣẹ́ wà láàárín wa, wọn kò sì pe apá tó di táyà mú ní orúkọ kan náà. Ẹnì kan pè é ní «apá», ẹnì kan ní «èjìká», ẹnì kẹta fi ọ̀rọ̀ Faransé sí i, ó sì fi ohùn Yorùbá gbé e. Eré tó bá kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bá a kú. Èyí tó bá pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn púpọ̀ ló ń bí ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń wá ẹni tí yóò ra ọkọ̀ yín, ẹ ní sùúrù ná. Ẹ pe àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré, ẹ jókòó, kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ́ńjìnnì kan àti bátìrì kan, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ títí di ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí inú yín kò bá dùn sí i lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ lè wá tà á. Ẹgbẹ́ wa ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lọ̀, nítorí ọmọ ọdún kìíní méjì ti ń dá èsúsú.