Ọmọ Ọ̀dọ̀ Tí Ó Di Mínísítà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí ti ọ̀nà jíjìn wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù wa ni yóò já sí.

Ní ilẹ̀ Bòlífíà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, obìnrin kan wà tí à ń pè ní Casimira Rodríguez. Ọmọ ẹ̀yà Quechua ni, àwọn onílẹ̀ gan-an, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó Spéènì tó dé wá gba ilẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọdún 1966 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Mizque. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 13, wọ́n mú un lọ sí ìlú Cochabamba láti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n ṣèlérí owó fún un, wọ́n ṣèlérí ilé-ìwé. Ọdún méjì gbáko ni ó fi ṣiṣẹ́, kò rí kọ́bọ̀ gbà.

Kí ni ó ṣe? Ohun tí àwa náà ṣe ni: ó wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ní 1993, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé di ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà, òun náà sì wá di aṣáájú rẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ òfin kan. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2003, òfin náà jáde. Ẹni tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 10 lọ lójúmọ́; ẹni tí ó ń ti ilé rẹ̀ wá, wákàtí 8. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀, ìsinmi ọdún wà níbẹ̀, owó oṣù kò sì gbọdọ̀ dín sí iye tí ìjọba là sílẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2006, Ààrẹ Evo Morales fi í ṣe mínísítà ètò ìdájọ́. Àwọn lọ́yà fárígá: kò ka ìwé òfin, báwo ni yóò ṣe jókòó sórí àga yẹn? Ọdún kan ni ó lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa ń bèèrè: ta ni ó mọ ìyà àìrí ìdájọ́ ju ẹni tí ó jẹ ẹ́ lọ? Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí obìnrin bá dìde du ipò ní ẹ̀ka wa, ẹ má bèèrè mọ́ pé ìwé mélòó ni ó kà. Ilé-ìwé alẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní ipò ti parí tiwa.

Èkejì ni ó le jù. Àwa tí a ń bá mánéjà jà nítorí owó ófátáìmù, ọmọ ta ni ó ń fọ abọ́ nílé wa ní aago mọ́kànlá òru? Ní 2003 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ wa ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí ó kọ̀ kí a máa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. A máa ń sọ pé, “À ń bọ́ ọ, à ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ọmọ ará ilé wa ni.” Bí mánéjà bá sọ fún wa lópin oṣù pé òun ti fún wa ní oúnjẹ ọ̀sán, ṣé a ó gbà? Àwa tí a ń kọ èyí kò yọ ara wa sílẹ̀ nínú ẹ̀bi náà.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀ jíròrò rẹ̀: kí ọmọdé tí ó wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa padà sí ilé-ìwé, kí àgbàlagbà tí ó ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé gba owó rẹ̀ pé, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi. Ohun tí a kò fẹ́ kí ọ̀gá ṣe sí wa, ẹ má jẹ́ kí a ṣe é sí ẹlòmíràn.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.