Ẹni A Ní Kó Fẹ́ni Lójú, Kó Má Fi Ata Sẹ́nu

  

Ìyá aláṣọ kan kọ̀wé sí wa láti Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ó ní ká má dárúkọ òun, a ò sì ní í dá a. Ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ ẹ̀ ló gbé tọ pásítọ̀ wọn lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ìgbà tó di ọjọ́ ìsinmi, pásítọ̀ ti fi í ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù. Kò dárúkọ o, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ̀ ọ́n? Kí ọjọ́ Ajé tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ìsọ̀ aṣọ. Màmá wá béèrè pé: ṣé wọn kì í kọ́ àwọn pásítọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni ni?

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Wọ́n ń kọ́ wọn o! Iṣẹ́ ni, ó ní ọ̀gá, ó sì ní ọmọ iṣẹ́, bíi ti télọ̀ tàbí kápẹ́ńtà.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìjọ tó tọ ẹsẹ̀ John Calvin, àwọn tí wọ́n ń pè ní Reformed. Presbyterian wà lára wọn. Ní 1541, wọ́n ṣe òfin ìjọ nílùú Geneva pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìránṣẹ́ sí pásítọ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé iṣẹ́ pásítọ̀ ò parí sórí àga ìwàásù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Anton Boisen, pásítọ̀ Presbyterian kan ní Amẹ́ríkà. Ní 1920, orí ọkùnrin yìí dàrú, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé, ó sì lò ju ọdún kan lọ. Nígbà tára ẹ̀ yá, kò sá. Ní 1924, ó gba iṣẹ́ pásítọ̀ nírú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ nílùú Worcester. Nígbà tó di 1925, ó kó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pásítọ̀ lọ síbẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ṣètọ́jú àwọn aláìsàn. Ó gbà pé ẹni tó wà nínú ìṣòro, ìwé ni òun náà. Àfi kéèyàn fara balẹ̀ kà á. Ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti gbilẹ̀ nìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ? Ọmọ iṣẹ́ á lọ kí aláìsàn. Tó bá dé, á kọ gbogbo ohun tóun sọ àti ohun tí aláìsàn sọ sílẹ̀, á yọ orúkọ kúrò, á gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá á ní: "Níbí yìí, ìyá ò tíì sunkún tán tóo fi ń ka Sáàmù fún un. Ta ló ń lé ọ?" Bí ọ̀gá télọ̀ ṣe ń tú ojú rírán ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, tó ní kó lọ tún un rán. Wọ́n tún ń kọ́ wọn láti pa àṣírí mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Lóòótọ́, ẹnu wọn ò kò. Ní 1970, pásítọ̀ Presbyterian mìíràn, Jay Adams, gbé ìwé jáde pé Bíbélì tó pásítọ̀ lò fún ìgbani-nímọ̀ràn. Àwọn mìíràn ní kó kọ́ tàwọn onímọ̀ ọpọlọ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Adams gan-an gbà pé àìsàn ara, ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ.

Nílé wa ńkọ́? Àwọn Onítẹ̀bọmi ti ní ilé-ẹ̀kọ́ pásítọ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ láti 1898. ECWA ní tiwọn ní Ìgbájà, lọ́hùn-ún ní Kwara, láti 1941. Wọn kì í ṣe Presbyterian, àmọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ò jìnnà sí wa. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, ẹlòmíì á lálàá lọ́jọ́ Ẹtì, á gbé pátákó ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀yin ìyá, télọ̀ tí ò tíì gba fìrídọ́ọ̀mù, ṣé ẹ lè gbé léèsì olówó iyebíye fún un? Ẹ ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀! Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń gbé ilé yín fún ẹni tí ò kọ́ṣẹ́?

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó tú inú yín, ẹ béèrè: Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí? Ṣé ìyàwó rẹ tàbí ìyá ìjọ kan á wà nítòsí bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀? Ṣé wàá lè sọ pé "eléyìí ju agbára mi lọ"? Pásítọ̀ tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ dì í mú nínú.

Bí ọmọ iṣẹ́ yín bá ní ayé sú òun, ẹ gbàdúrà, àmọ́ lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn. Ti ìjọba àpapọ̀ wà n'Ídòó-Èkìtì. Bí ọkọ bá sì ń luni, ààwẹ̀ nìkan kọ́ loògùn ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹbí gbọ́, kí ọlọ́pàá náà gbọ́.

Màmá aláṣọ, ẹ mú àgbà ìjọ kan dání, kẹ́ ẹ lọ bá pásítọ̀ ní kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sọ ohun tó ṣe fún un. Ẹ má pariwo, àmọ́ ẹ má dákẹ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ máa kọ̀wé sí wa. A ò ní í dárúkọ yín.