'Presently' ní Èbúté Douala

Láti Èkó títí dé Buea ni àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ti máa ń fi bírò pupa fagi lé 'presently' bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi í pe 'nísinsìnyí'. 'Láìpẹ́' ni wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wí 'nísinsìnyí', 'currently' ni kí ó lò. Òfin yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 500 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti ń fi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé yìí pe 'nísinsìnyí'; ará Scotland kò fi ìlò náà sílẹ̀ rí, ará Amẹ́ríkà sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ dòní. Kí olùkọ́ tí ó jẹ́ Yorùbá rántí 'báyìí' tirẹ̀: 'Wọ́n ń bọ̀ báyìí' ni wọ́n máa ń wí fún àlejò tí ó wá kí baálé, àlejò a sì jókòó fún wákàtí méjì.

Ní Port autonome de Douala, lẹ́bàá odò Wouri, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti máàkì. Láti 1961 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ìjọba ní Kamẹrúùnù, ṣùgbọ́n Faransé ni ó gbilẹ̀ jù ní Douala. Ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹrù Chad ń gbà wọlé. Bí akọ̀wé kan bá kọ 'Berthing presently' ránṣẹ́, 'présentement' ni ẹni tí ó gbọ́ Faransé yóò kà sí i, ìyẹn 'nísinsìnyí', yóò sì ní kí awakọ̀ àjàgbé gbéra. Bí ó bá ṣe 'láìpẹ́' ti olùkọ́ ni akọ̀wé ní lọ́kàn, ẹnubodè ni àjàgbé náà yóò sùn.

Ibi tí bírò pupa ìbá ti wúlò gan-an ni wọn kì í fi í sí. 'Éventuellement' ti Faransé, 'bóyá' ni. 'Eventually' ti Gẹ̀ẹ́sì, 'nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín' ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé 'The ship will eventually call at Kribi', tí ó rò pé 'bóyá' ni òun wí, ti ṣe ìlérí fún oníbàárà láìmọ̀. Gírámà gbólóhùn náà kò lábùkù, nítorí náà olùkọ́ a fún un ní máàkì.

Wọn a ní ìdánwò ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń gbé ojú òkun kò dúró de ìdánwò. Ní 2001, àjọ IMO, tí ń ṣètò ìrìnnà ojú òkun lágbàáyé, fọwọ́ sí àkójọ gbólóhùn kan fún àwọn atukọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́ra fún 'may' àti 'can', nítorí pé ìtumọ̀ wọn kò dúró sójú kan. Ní ti àkókò, aago oníwákàtí 24 ni kí wọ́n fi pè é. Ẹni tí ó bá ń kọ́ akọ̀wé èbúté ní Gẹ̀ẹ́sì lè fi 'soon' sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu, kí ó fi 'shortly' sílẹ̀ fún ìkéde, kí ó sì ní kí wọ́n kọ '14:30' sí ìwé ẹrù.