Ó Yẹ Kí Olùkọ́ Lè Pààrọ̀ Ọwọ́ Alùpùpù Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ó rán lọ sí ìletò tí ó jìnnà sí títì, níbi tí ó jẹ́ pé alùpùpù ni ẹsẹ̀ olùkọ́. Ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, alùpùpù kò lè ṣàìṣubú nígbà mìíràn. Bí ó bá sì ṣubú, irin ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀ a máa wọ́. Èrò wa ni pé ó yẹ kí olùkọ́ mọ bí a ti ń pààrọ̀ irin yìí ní ilé ara rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé sípánà kò yẹ ọwọ́ tí ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Àwa ń bèèrè pé: ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ìwọ̀n, tí kò lè wọn irin tí ń gbé ẹ̀mí rẹ̀, kí ni ó ń kọ́ wọn? Àwọn mìíràn yóò wí pé a fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣà kan ni ó ń bà wá nínú jẹ́: bí irin náà bá wọ́, a ó kì í bọ iná, a ó fi òòlù nà án títí yóò fi tọ́, a ó sì dá a padà sí ààyè rẹ̀. Irin tí a tẹ̀, tí a sì tún nà, agbára rẹ̀ ti dín kù, ojú kò sì lè rí i. Ọjọ́ tí ó bá dá lójú ọ̀nà, kí ni ẹni tí ń gùn ún yóò dì mú? Irin tí ó bá wọ́, pípààrọ̀ ni kí a pààrọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ náà kò ní gba ayédèrú, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ni ó bá a ṣe é.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro. Kí a kọ́kọ́ wọn irin àtijọ́: lára ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré, ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 22. Bí titun bá ga ju ti àtijọ́ lọ, wáyà bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì lè má tó. Kí a gbé alùpùpù dúró ṣinṣin, kí a tú wáyà bátìrì, kí a fi aṣọ bo táǹkì, kí a sì kọ ipò ohun gbogbo sílẹ̀ kí a tó tú u. Nígbà tí a bá ń de titun, kí a máa lọ́ àwọn bóòtù le díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó bá alùpùpù náà wá ti là á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n yíyẹ̀wò ni olórí iṣẹ́. Kí a yí ọwọ́ náà dé òpin ní òsì àti ní ọ̀tún: kò gbọdọ̀ kan táǹkì, wáyà kankan kò sì gbọdọ̀ nà gan-an. Kí a tan ẹ́ńjìnnì ní ìta gbangba láìsí nínú jíà, kí a sì tún yí i. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń ga sí i, wáyà ni ó ń fà. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ lè sá lọ mọ́ni lọ́wọ́ ní kọ́nà. Ibi tí a ń lọ́ láti fi sáré gbọdọ̀ padà fúnra rẹ̀ bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí bíréèkì bá jẹ́ olómi, tí afẹ́fẹ́ sì wọ inú rẹ̀, kí a ti alùpùpù lọ bá mẹkáníìkì. Kí a má ṣe gùn ún. Kí ènìyàn mọ ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ dé kì í ṣe ìtìjú.

A bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi ọ̀sán kan fún wa ní táàmù kọ̀ọ̀kan nínú àkókò iṣẹ́ ọwọ́. A kò ní kí a pa agbọ̀n híhun tì. Ṣùgbọ́n agbọ̀n tí a hun láìdára kò lè pa ẹni tí ó rù ú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Kò sì yẹ kí olùkọ́ wà ní ìletò kí a máa fi òòlù na irin tí ó wọ́.