Ta Ni Yóò Kí Dókítà Kú Àṣẹ̀hìndè?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Òkè Ọya, bí àìsàn bá dá ẹnìkan dúbúlẹ̀ láàrin wa, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe. A ó lọ kí i, a ó gbé oúnjẹ lọ, a ó dá owó, a ó sì gbàdúrà. Ìwà ọmọlúwàbí nìyẹn, kí a má ṣe jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà nídìí ibùsùn náà tí a kì í béèrè bí ọkàn rẹ̀ ti rí. Òun ni dókítà tí ń tọ́jú àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà.

Ní ọdún 2020, ìṣirò àgbáyé fojú dá a pé àwọn tí àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lé ní 124,000, nǹkan bí 79,000 ni ó sì pa. Ilé-ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ tí ń fi ìtànṣán jó o kò pọ̀. A mọ ọ̀nà Ṣíkà ní Sàríà, a mọ ti Sókótó àti Àbújá. Ẹlòmíràn nínú wa sì ń gbé aláìsàn rẹ̀ padà lọ sí Ìbàdàn. Níbẹ̀, èrò pọ̀, dókítà kò tó, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í sì í dé àfi ìgbà tí àrùn ti wọra.

Ní òwúrọ̀, dókítà yìí ní láti sọ fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin pé jẹjẹrẹ ni kókó tí ó wà ní ọmú rẹ̀. Kí ó tó di ọ̀sán, ó gbọ́ lẹ́nu bàbá kan pé owó oògùn ti tán. Ó ti mọ àwọn wọ̀nyí fún oṣù pípẹ́, ó mọ orúkọ ọmọ wọn. Bí ọ̀kan bá kú, a ó kí ẹbí, a kò ní kí dókítà. Ẹlòmíràn ti jókòó dè é.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ irú àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń dá sí ọkàn báyìí sínú ìwé rẹ̀: agbára a tán, ọkàn a kúrò lára iṣẹ́, ẹni náà a sì rò pé òun kò ṣe nǹkan kan. Dókítà tí a ń pè ní ọlọ́kàn líle, ó lè jẹ́ pé omijé rẹ̀ ni ó gbẹ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, ‘Ṣebí a ń san owó fún wọn?’ Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó kì í pa ẹkún. Bí àwọn wọ̀nyí bá sì kó ẹrù wọn lọ sí òkè òkun, àwa ni ìyà yóò jẹ.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa. Àwọn àgbà ẹbí a máa lọ bá dókítà ní kọ̀rọ̀ pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún un.’ Lójoojúmọ́ ni aláìsàn yóò máa wo dókítà lójú, tí yóò máa bi í léèrè. Irọ́ wa ni a dì rù ú yẹn. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹbí yan ẹnìkan tí yóò máa bá dókítà sọ̀rọ̀, kí ènìyàn mẹ́wàá má bi í ní ìbéèrè kan náà. Bí ikú bá sì dé, kí a má ṣe pe dókítà ní apànìyàn.

Àwọn aláṣẹ ilé-ìwòsàn pẹ̀lú ní iṣẹ́ láti ṣe. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, agbẹjọ́rò kan, Kenneth Schwartz, ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa ní 1995. Kí ó tó kú, ó dá àjọ kan sílẹ̀ nítorí inú rere tí àwọn olùtọ́jú fi hàn sí i. Nípasẹ̀ rẹ̀, dókítà àti nọ́ọ̀sì ń jókòó pọ̀ láti sọ ohun tí iṣẹ́ náà ń ṣe sí ọkàn wọn. Èyí kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Yàrá kan, wákàtí kan, àti ọ̀gá tí yóò gbọ́ ni.

A dábàá pé kí ẹ̀ka wa yan ènìyàn méjì tí yóò máa tẹ̀ lé aláìsàn wa lọ sí ilé-ìwòsàn, tí yóò sì padà lọ dúpẹ́, ìbá à jẹ́ pé ó yè tàbí ó kú. Yin ni, yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn.