Òṣìṣẹ́ Káńsù Ni Kó Kọ́ Òṣìṣẹ́ Káńsù

"Aláìmọ̀kan mẹ́wàá tó bá kóra jọ, ọ̀mọ̀ràn kan kò ní tìdí wọn yọ." Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gbẹ́ni kan sọ lórí rédíò nìyẹn, nígbà tí atọ́kùn ètò bi í bóyá kò ní dáa kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bá ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú-ọjọ́ yí máa bẹ ara wọn wò, kí wọ́n máa kọ́gbọ́n lọ́wọ́ ara wọn. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó fèsì. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó ní kí ni òṣìṣẹ́ káńsù kan fẹ́ kọ́ èkejì, bí kò ṣe ọgbọ́n àtijá tíkẹ́ẹ̀tì fún ọlọ́kadà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kó yé tajá tẹran: òṣìṣẹ́ káńsù ni kó kọ́ òṣìṣẹ́ káńsù. Gbogbo sẹ́mínà inú òtẹ́ẹ̀lì tí a ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ dá a dúró. Tó bá jẹ́ pé sẹ́mínà ń lé omi ni, Ìbàdàn ì bá ti gbẹ táútáú.

N kò ní dárúkọ ọ̀gbẹ́ni náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ irú rẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń pè ní "ọ̀gá wa onímọ̀". Kóòtù rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn, ooru ìbáà mú kí àwo yọ́. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń tàn yanran lára ògiri, àwòrán àkọ́kọ́ tó sì máa ń fi hàn ni ti béárì funfun kan tó dúró sórí yìnyín tó ń yọ́. Àwọn wo ló ń fi béárì hàn? Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó láti Lágelú, láti Ìdó, láti Ọnà-Àrà. Àwọn tí ìṣòro tiwọn jẹ́ tìmùtìmù àtijọ́ tó há sẹ́nu ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì. Ọ̀gá wa á sọ Gẹ̀ẹ́sì títí ọ̀sán á fi pọ́n. Wọn á mu tíì, wọn á jẹ míìtì-páì. Wọn á gba báàgì aláwọ̀ ewé, báírò kan àti ìwé pélébé tí wọ́n tẹ nǹkan sí. Tó bá di aago mẹ́rin, wọn á tò fún fọ́tò, ọ̀gá wa á dúró láàrin. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Béárì yẹn náà ló tún ń bọ̀.

Kí ló ń mú mi bínú jù nínú gbogbo rẹ̀? Pé kò bi wọ́n léèrè. Ẹ kó ẹni tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú jókòó síwájú, kò sì wá sọ́kàn yín láti bi í pé, "Níbo lomi ti máa ń kọ́kọ́ kún lọ́dọ̀ yín?" Orí ìlà ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù ni ẹ̀kọ́ gidi ti máa ń wáyé ní sẹ́mínà wọn. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ kan ti ń sọ fún èkejì bí àwọn ṣe bẹ ìyálọ́jà tí àwọn aláta kò fi da pàntí sódò mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba nọ́ńbà fóònù ara wọn. Ká kúkú sanwó ìlà oúnjẹ nìkan, ká fi ọ̀gá wa àti béárì rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ wo Àfikún Kẹrin. Gọ́tà, títì àdúgbò, iná títì, ọjà, ọgbà ìtura, kíkó ìdọ̀tí: ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin gbé e lé lọ́wọ́. Níbi àpérò àgbáyé lórí ojú-ọjọ́ ní Glasgow ní 2021, Ààrẹ ìgbà náà, Bùhárí, ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sójú ọ̀run kò ní ju èyí tí a lè gbà padà lọ. Lọ́dún yẹn kan náà ló buwọ́ lu Òfin Ìyípadà Ojú-ọjọ́. Ó dáa, a gbọ́. Ṣùgbọ́n tí òjò bá dé lóru tí omi sì gbilé, ẹnikẹ́ni kì í pe Glasgow. Káńsù ni wọ́n ń bú. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló sì wà ní Nàìjíríà, kálukú ń dá kẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ nínú òkùnkùn, kálukú ń dá ṣe àṣìṣe tí ẹni tó múlé tì í ti ṣe lésìí.

Àbí ẹ ti gbàgbé Ògùnpa? Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò yẹn ya wọ ìgboro Ìbàdàn, ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ, òkú sùn lọ bẹẹrẹbẹ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya, ẹ̀mí tó lé ní 100 tún bá a lọ. Oṣù kan náà, ìlú kan náà. Ẹ wá ṣírò ohun tí ọ̀gá wa kì í ṣírò. Ọdún 35 ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń lò lẹ́nu iṣẹ́ tó fi ń fẹ̀yìn tì. Ẹni tó gbaṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé tó sì fojú ara rẹ̀ rí ti 1980, ó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní 2011. Ta ló jókòó tì í kó tó lọ? Ta ló bi í léèrè ojúlé tí omi kọ́kọ́ wọ̀, afárá tó kọ́kọ́ wó, ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn ọmọdé jáde? Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀rọ̀ omíyalé Ìbàdàn ní 2014. N kò bá owó jà. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló pín Ìbàdàn mọ́ra wọn lọ́wọ́, Ògùnpa kò sì mọ ibi tí ààlà ẹnikẹ́ni wà. Gọ́tà tí káńsù òkè kọ̀ láti kó, ilé ọmọ káńsù ìsàlẹ̀ ló ń wó.

Mo mọ wolé-wolé kan, n kò ní sọ káńsù rẹ̀ kí wọ́n má baà pè é wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà kan sára òpó afárá kékeré àdúgbò rẹ̀. Bí omi bá ti kan ìlà yẹn, á fóònù ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ nísàlẹ̀ odò, ìyá yẹn á sì figbe ta kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọjà wọn kúrò nílẹ̀. Agolo ọ̀dà kan ni, àti káàdì fóònù tó ń fi owó ara rẹ̀ rà. Káńsù tó wà lódìkejì odò yẹn kò mọ̀ pé ìlà náà wà. Ta wá ni aláìmọ̀kan nínú òun àti ọ̀gá wa orí rédíò?

Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wolé-wolé o. Láyé ìjọsí, bí wolé-wolé bá yọ lókèèrè, ariwo á ta ládùúgbò, ìyàwó ilé á gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn wolé-wolé á ṣí àmù wò bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀. Wọ́n lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wolé-wolé àgbà ni wọ́n ti kọ́ ojú iṣẹ́, láti ojúlé dé ojúlé. Àwa la gba agbára lọ́wọ́ wọn, a sọ wọ́n di ẹni àpèrẹ́rìn-ín, a wá ń béèrè ohun tó dí gọ́tà. Èkó fòpin sí ìmọ́tótó oṣooṣù ní 2016. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, a ń kó ẹrẹ̀ jáde nínú gọ́tà, a ń tò ó sétí gọ́tà, òjò á sì gbá a padà sínú rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba kan nípa èyí nígbà kan. Èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni ìwé ìpè síbi sẹ́mínà.

Nítorí pé ohun tó bá ti òkè òkun wá nìkan ni ọ̀gá wa ń gbọ́, ẹ jẹ́ ká fi ti òkè òkun dá a lóhùn. Ní 2005, Ken Livingstone, olórí ìlú London nígbà náà, pe àwọn olórí ìlú ńláńlá jọ kí wọ́n lè máa kọ́ ara wọn bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ jà. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní C40 lónìí nìyẹn, Èkó sì wà níbẹ̀. Tí àwọn ọlọ́lá bá kọ́ ara wọn, àpérò àgbáyé ni. Tí akọ̀wé káńsù bá kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó di ìpàdé aláìmọ̀kan.

Ẹ wo Ahmedabad ní Índíà. Ní oṣù karùn-ún 2010, ooru ibẹ̀ kọjá ìwọ̀n 46, iye ẹni tó kú sì fi ohun tó lé ní 1,300 ju iye tó sábà máa ń kú lọ. Ìjọba ìlú náà àti àwọn onímọ̀ ìlera jókòó, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ ní 2013: ìkìlọ̀ kí ooru tó dé, omi mímu níta, ẹ̀kọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn ìlú mìíràn ní Índíà wo àwòkọ́ṣe, wọ́n ṣe tiwọn. Ní Freetown nítòsí wa níbí, láti 2020 ni wọ́n ti ń sanwó fún ará àdúgbò kí ó gbin igi, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, gómìnà ń gbin igi níwájú kámẹ́rà, ewúrẹ́ á sì ti jẹ ẹ́ tán kí ìròyìn alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé a ti rán òṣìṣẹ́ káńsù kan ṣoṣo lọ wo bí wọ́n ṣe ń lé ewúrẹ́ ní Freetown?

Kódà kò dìgbà tí a bá wọkọ̀ òfuurufú. Òkun ń jẹ Ayétòrò run ní Ìlàjẹ, ó ń jẹ abúlé Òkun Alfa náà run nítòsí Lẹ́kì. Òkun kan ṣoṣo ni. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, àmọ́ báwo ni ará yòókù ṣe máa gbọ́ tí kò bá sówó ọkọ̀?

Ọ̀gá wa tún ní tí a bá kó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jọ, ìwà ìbàjẹ́ ni wọ́n máa kọ́ ara wọn. Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìbàjẹ́! Ẹni tí owó sẹ́mínà ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀ lè kó gbogbo gọ́tà àdúgbò kan! Ó ní sáyẹ́ǹsì ńkọ́? Àwọn NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wo ojú-ọjọ́, ti ń sọ bí òjò ọdún ṣe máa rí, kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n NiMet kò mọ ilé tí bàbá onílé ti mọ ògiri dí ojú àgbàrá. Òṣìṣẹ́ káńsù mọ̀ ọ́n, ó mọ orúkọ bàbá náà, ó sì mọ ẹni tí bàbá náà ń bẹ̀rù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ẹ̀yin alága káńsù, ẹ̀yin ni mo kọjú sí báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ fi ń sunkún pé àwọn gómìnà di owó yín mú nínú àpò àjùmọ̀ní. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó yín máa tọ̀ yín wá tààrà. Ẹ jà fún un, ẹ gbà á, kí ẹ sì jẹ́ ká rí ohun tí ẹ fi ṣe. Kí òṣìṣẹ́ kan láti káńsù kọ̀ọ̀kan lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní káńsù mìíràn lásìkò òjò, nínú ẹrẹ̀, kì í ṣe nínú òtẹ́ẹ̀lì. Kí àwọn káńsù tí odò kan náà gbà kọjá ní ẹgbẹ́ WhatsApp kan. Kí ẹnikẹ́ni má gba owó ìfẹ̀yìntì láìjẹ́ pé ó ti jókòó ti ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀, tó sì ti mú un rìn yí gbogbo ojú àgbàrá ká.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ káńsù ni kó kọ́ òṣìṣẹ́ káńsù. Ẹ fagi lé sẹ́mínà, ẹ fún wọn lówó ọkọ̀.