Amọ̀nà Tí Ó Mọ Ìgbà Tí A Kì Í Ta Ìbọn

Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdẹ igbó ilẹ̀ wa. Ní etí òkun Pàsífíìkì, láti British Columbia ní ilẹ̀ Kánádà títí dé Alaska, àwọn òkè gíga dìde láti ẹ̀bá omi bí ògiri. Igbó dúdú bo ìsàlẹ̀ wọn, òjò-dídì sì bo orí wọn. Ọ̀nà mọ́tò kò dé ibi púpọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi, tàbí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí ń balẹ̀ sórí omi, ni a fi ń dé ibẹ̀.

Lórí àwọn àpáta wọ̀nyí ni ẹranko kan ń gbé tí a ń pè ní ewúrẹ́ òkè. Bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ewúrẹ́, kì í ṣe ọmọ ìyá ewúrẹ́ ilé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èyí tí a kà nípa rẹ̀ nínú Sáàmù 104. Irun rẹ̀ funfun, ó sì nípọn. Ìwo rẹ̀ dúdú, ó sì mú ṣóńṣó. Akọ ńlá lè wọ̀n ju 100 kílò lọ. Etí pátákò rẹ̀ le, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ rọ̀, ó sì ń di àpáta mú, tí ó fi ń rìn níbi tí ènìyàn kò lè fi ẹsẹ̀ lé. Láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn ni àwọn Tlingit, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà, ti ń fi irun rẹ̀ pẹ̀lú èèpo igi kédárì hun aṣọ ìbora àwọn ìjòyè, èyí tí a ń pè ní Chilkat.

Òfin kò jẹ́ kí àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè dá lọ ṣọdẹ ẹranko yìí. Ní Alaska, àti ní British Columbia pẹ̀lú, ó ní láti bá ẹni tí òfin mọ̀ lọ. Ní Alaska, ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré lónìí kò gbọdọ̀ ṣọdẹ títí di agogo mẹ́ta òru ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí ẹran láti ojú sánmà kí ó sì sọ̀kalẹ̀ wá pa á lójú ẹsẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ni iṣẹ́ amọ̀nà? Àwọn kan rò pé kí ó gbé ẹrù, kí ó sì dáná ni. Òtítọ́ ni pé ó ní láti mọ ìgbà tí omi òkun ń kún àti ìgbà tí ó ń fà, ibi tí àpáta ti ń yọ̀, àti ibi tí béárì ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ gan-an ni a sanwó fún. Akọ àti abo ewúrẹ́ òkè ni ó ní ìwo, funfun ni àwọn méjèèjì. Ìwo akọ nípọn ní ìdí, ó sì ń tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ti abo tẹ́ẹ́rẹ́, ó gòkè tààrà kí ó tó tẹ̀ nítòsí ṣóńṣó rẹ̀. Akọ sábà máa ń dá rìn; àwọn abo a máa kó ara wọn jọ pẹ̀lú ọmọ wọn. Nígbà mìíràn amọ̀nà a dọ̀bálẹ̀ nínú òjò fún wákàtí kan, awò tí ń mú ohun jíjìn súnmọ́ wà lójú rẹ̀, kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Abo sábà máa ń tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan. Òjò-dídì tí ń já láti orí òkè ní ìgbà òtútù a sì máa pa púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ní ibi púpọ̀ ní Alaska, òfin kọ̀ pé kí a pa abo tí ó ní ọmọ lẹ́yìn. Òfin ibẹ̀ sì pàṣẹ pé kí a gbé ẹran tí ó ṣeé jẹ wálé. Nítorí náà, bí akọ bá dúró ní bèbè ọ̀gbun, tí yóò ṣubú sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè dé, amọ̀nà rere yóò ní kí a fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó báyìí. Àlejò ti san owó ńlá. Ìkùukùu bo òkè fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n jókòó sínú àgọ́ tútù. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ojú ọ̀run là, ẹran funfun kan sì dá dúró lórí àpáta. Ọwọ́ àlejò ń gbọ̀n lára ìbọn. Amọ̀nà wò ó títí, ó ní, “Abo ni. Ẹ sọ ìbọn kalẹ̀.” Ó mọ̀ pé àlejò náà lè bínú lọ, kí ó má sì padà wá mọ́. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí òun bá dákẹ́, òun nìkan ni yóò mọ ohun tí òun rí. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ irú ẹni tí ó jẹ́. Owó ra ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ra ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ń ṣírò owó fún ọ̀gá rẹ̀, olùkọ́ tí òbí ń sanwó fún, àti dókítà tí aláìsàn ń bẹ̀, gbogbo wọn ni ó wà lórí àpáta yìí lọ́jọ́ kan. Ẹni tí a ń sanwó fún kí ó sọ òtítọ́ ń jalè bí ó bá gba owó náà tí ó sì dákẹ́. Kí àwa tí a ń sanwó náà má sì bínú sí ẹni tí ó dá wa dúró. Àwọn àgbà ní ẹyin ni ohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀ kò ṣeé kó mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọta ìbọn.

Lálẹ́ òní, kí àwọn òbí bi àwọn ọmọ wọn léèrè pé: èwo ni ó ṣòro jù, láti ta ìbọn ni, tàbí láti sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ọkàn ń fẹ́? Kí olúkúlùkù dáhùn, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀.